Bí Mo Ṣe Kọ́ Lárúbáwá Nídìí Ẹ̀rọ Ìránṣọ ní Sharjah

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì wa ní International City, ní Dubai níbí, lọ́jọ́ ìsinmi, mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láti kíṣíìnì. Ẹ ní iṣẹ́ wo ló dára kí èèyàn kọ́ ní ìlú yìí. Ẹ ní ṣé kí ẹ kọ́ Lárúbáwá ni àbí kí ẹ má kọ́ ọ, torí pé gẹ̀ẹ́sì ti tó, fóònù á sì túmọ̀ èyí tó bá kù. Èmi kì í ṣe agbaninímọ̀ràn o. Aránṣọ ni mí. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń ránṣọ, títí ojú fi ní òun ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Mo máa sọ bí tèmi ṣe lọ. Ẹni tó bá rí nǹkan mú níbẹ̀, kó mú un. Ẹni tí kò bá rí, kó bá mi fọ ife tíì tó wà níwájú rẹ̀ kó tó máa lọ.

Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ìtokò. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ni wọ́n ń lò nígbà náà, èyí tí èèyàn máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí bí ẹni ń lọ ata. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo ń fẹ́ná sí irin ìlọṣọ eléèédú. Èmi ni mo ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Èmi náà ni mo ń tú aṣọ tí àwọn tó ṣáájú mi nínú iṣẹ́ bá rán bàjẹ́. “Tú u!” Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ láàárọ̀ nìyẹn, òun náà ni mo ń gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí mo bá fẹ́ jiyàn, igi ìwọnṣọ ti balẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ mi. Mo sunkún nígbà náà, mo sì ṣépè lábẹ́nú. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá rí aṣọ lọ́rùn èèyàn, mo mọ ibi tí aránṣọ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti rẹ̀ ẹ́. Aṣọ tí mo tú ló kọ́ mi, kì í ṣe èyí tí mo rán.

Mo gba òmìnira, mo lọ́kọ, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Mushin. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo lò níbẹ̀. Mo rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé títí àwọ̀ búlúù fi sú ojú mi. Bàbá Sìdí, ọkọ mi, lọ fẹ́ ìyàwó kékeré sí Ìbàdàn, ó gbàgbé ọ̀nà ilé, èmi náà ò sì ránni lọ wá a. Ìyẹn ò gba àròyé. Nígbà tí aṣọ òkìrìkà wá gba oníbàárà lọ́wọ́ wa pátá, Mùtíátù àbúrò mi, ọmọ ìyá mi gan-an, ní kí n máa bọ̀ ní Dubai. Òun ń ra bàtà àti báàgì lọ́pọ̀ ní Deira, ó ń kó wọn sí kágò lọ sí Èkó. Mo fi Sìdí ọmọbìnrin mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, mo wá. Bí mo ṣe rí físà àti iye tí wọ́n ń san fún mi, ẹ jẹ́ ká fò ó, kò dùn-ún gbọ́.

Bedspace, ìyẹn àyè ibùsùn kan nínú yàrá àjọgbé, tí Mùtíátù ń gbé ní Hor Al Anz ni èmi náà dì mọ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Deira, níbi tí mo ti ń ránṣọ láàárín àwọn ọkùnrin ará Pakistan. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa kò ju “accha,” ìyẹn ó dáa, àti “kitna,” ìyẹn èló ni, lọ. Tí mo bá fẹ́ àlùmọ́gàjí, màá fi ìka méjì gé afẹ́fẹ́. Tí ebi bá ń pa mí, màá nawọ́ sí ikùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di odi fún ọdún mélòó kan, ẹnu mi tí Mushin mọ̀ dáadáa wá dákẹ́ bí ẹnu ìkòkò. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa ní òun fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Físà mi ń tán lọ. Sìdí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nílé ni, iṣẹ́ mi yìí ló sì gbé e dúró. Bí mo bá padà sílé, òun náà á fi ilé ìwé sílẹ̀.

Mùtíátù ló gbọ́ nípa obìnrin kan ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai. Opó ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù abaya, aṣọ dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin wọn ń wọ̀ jáde. Àwọn ọkùnrin ló ń gé aṣọ, tí wọ́n sì ń rán an ní yàrá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń wá rán abaya ò ní jẹ́ kí ọkùnrin fi téèpù kàn wọ́n lára. Aránṣọbìnrin ló ń wá, tó máa wọn oníbàárà, tó sì máa bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó ti gbà ṣáájú mọ iṣẹ́, wọn ò mọ èdè. Ó ti lé gbogbo wọn.

Maryam ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, ló túmọ̀ fún wa lọ́jọ́ tí a lọ. Ìyá náà wo ìka mi, ó fọwọ́ tẹ egbò abẹ́rẹ́ tó ti di líle níbẹ̀, ó sì mi orí bí ẹni tó tẹ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ òfin rẹ̀. Ilé òun ni mo máa gbé. Nínú ilé àti nínú ṣọ́ọ̀bù, kò gbọdọ̀ gbọ́ gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu mi, kò gbọdọ̀ gbọ́ “accha,” kò sì gbọdọ̀ rí fóònù tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní tí òùngbẹ bá ń gbẹ mí, kí n fi Lárúbáwá béèrè omi, àbí kí n gbé òùngbẹ mi sùn.

Mùtíátù bú sẹ́rìn-ín nínú takisí nígbà tí à ń padà. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, ẹ ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Ẹja tútù là ń ká. Ẹja tó ti gbẹ, kíkán ló máa ń kán.”

Mo ní, “Rẹ ẹja gbígbẹ sómi gbígbóná, kó o wá wò ó bóyá kò ní ká.”

N kò tíì mọ bí omi náà ṣe gbóná tó nígbà yẹn.

Ẹ gbọ́ o, ọmọ ilé kéú ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń fi Lárúbáwá kírun, n kì í pa ìrun òwúrọ̀ kankan jẹ. Síbẹ̀, n kò lè fi ra àlùbọ́sà. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ìyá náà gbé àlùbọ́sà kan sókè ní kíṣíìnì, ó ní, “Basal.”

Mo pariwo. “Àlùbọ́sà!”

“Aywa, bẹ́ẹ̀ ni, al-basal. Ta ló kọ́ ọ?”

Ta ló kọ́ mi? Ìyá àgbà mi ní Abẹ́òkúta ni, tí kò mọ ibi tí Sharjah wà. A dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àlùmọ́gàjí sókè, ó ní migass. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́ sókè kí ẹ gbọ́ ọ. Tí mo bá ń kánjú, á ní, “Sabr, sabr,” mo sì mọ̀ pé sùúrù ló ń wí. Mo ní ha, ọbẹ̀ tí mo ti ń lá láti kékeré náà ni wọ́n tún gbé kalẹ̀ yìí! Mo rò pé kí oṣù tó parí, màá ti máa wàásù.

Irọ́ ni. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé inú ọ̀fun lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń bọ̀. Tí mo bá gbìyànjú wọn, á dà bíi pé eegun ẹja há mi lọ́rùn, àwọn oníbàárà á sì máa fi ìborùn bo ẹ̀rín. Mo ṣi iye pè fún àwọn ọkùnrin ẹ̀yìn, wọ́n gé abaya fún obìnrin kúkúrú, ó gùn débi tó lè fi gbálẹ̀. Ìyá náà jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ, n kò sì nílò ògbufọ̀: ohùn Ìyá Ìtokò ni mo gbọ́. Mo jókòó, mo tú u.

Ọwọ́ mi ló bínú sí jù. Ó mọ̀ pé ọwọ́ ni mo ti fi ń sọ̀rọ̀ ní Deira. Lọ́jọ́ kan oòrùn mú gan-an, mo nawọ́ sí ìgò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ìgò, ó gbé ojú kúrò. Mo tún nawọ́. Ó mú téèpù ìwọnṣọ, ó so ọwọ́ mi méjèèjì pọ̀ sẹ́yìn bíi ti olè, ó ní, “Ọwọ́ kì í sọ̀rọ̀ níbí.” Inú bí mi débi pé omijé bọ́ lójú mi. Èmi tí mo ti bímọ, tí mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́! Mo wá ọ̀rọ̀ náà kiri inú orí mi, n kò rí i. Nígbà tó yá ni mo kígbe, “Mai! Mai, Umm Khalid!” Òun fúnra rẹ̀ ló gbé omi náà sí mi lẹ́nu, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sá fún mi mọ́.

Umm Khalid. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń pe ìyá náà nìyẹn, òun sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú èdè náà. Ẹ mọ̀ pé kò sí “ẹ” nínú Lárúbáwá wọn. Bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ò gbà á. Obìnrin náà fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ṣé kí n máa wá sọ fún un pé “ìwọ, wá wo ibí”? Ìgbà tí mo wá mọ̀ pé Umm Khalid túmọ̀ sí Ìyá Khalid, ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Mo ní àwọn èèyàn yìí náà mọ ẹ̀tọ́, wọn kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ ni mo ṣe ń fi í sí gbogbo ọ̀rọ̀. Umm Khalid, ẹ káàárọ̀. Umm Khalid, òwú tán. Umm Khalid, mo ti wọn èjìká oníbàárà. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí tí mo fi “ẹ” sí ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú rẹ̀, èmi ni mo fi í síbẹ̀ o, inú mi ló ti ń jáde.

Àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn, ó wọ aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé Khalid ni. Mo rò pé ó wà lókè òkun. Èdè mi ti ń gbòòrò díẹ̀, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè pé níbo, ìgbà wo, kí nìdí, mo sì ń bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti Maryam ń ṣa ìrẹsì, mo ní, “Khalid wen?” Níbo ni Khalid wà?

Maryam kò gbójú sókè. Ó ní, “Mat.”

Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn láti ilé kéú. Ó ti kú. Ojú ọ̀nà Kalba ni ọkọ̀ rẹ̀ ti yí, nígbà tí Maryam ṣì wà ní ilé ìwé. Òun ni àkọ́bí.

Ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ mi. Yéè! Èmi tí mo ń ké Umm Khalid, Umm Khalid láti àárọ̀ ṣúlẹ̀! Mo ní ó mà ṣe o, abẹ́rẹ́ ni mo ń fi gún obìnrin yìí lójú egbò lójoojúmọ́, sùúrù ló sì fi ń wò mí.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀ ọ́n. Ní àdúgbò tiwa, bí ọmọ tí wọ́n fi ń pe ìyá bá kú, orúkọ yẹn tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa pàṣẹ rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo agbolé á ti mú orúkọ ọmọ mìíràn, òun ni wọn á máa fi pè ọ́. Tí kò bá sí òmíràn, wọn á fi oríkì rẹ pè ọ́. Àánú ni. Wọn ò fẹ́ kí o gbọ́ orúkọ náà kó o tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé wọ́n ṣe é fún mi. Ṣáájú Sìdí, mo bí ọmọkùnrin kan. Kàmórù lorúkọ rẹ̀. Ibà gbé e lọ kó tó tó ọmọ ilé ìwé. Ìyá Kàmórù ni gbogbo Mushin ń pè mí. Ilẹ̀ mọ́, mo di Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo wá bí Sìdí, mo di Ìyá Sìdí. Bàbá ẹ̀ kò dárúkọ rẹ̀ mọ́, ìyá mi kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Èmi náà, kódà lórí ẹní ìkírun, “ọmọ mi yẹn” ni mo máa ń wí.

Nítorí náà, mo pinnu pé màá ṣe ohun tó tọ́. Ààwẹ̀ ti ń parí lọ, ọdún ti dé tán, ṣọ́ọ̀bù kún fún àwọn obìnrin tó ń wá gba abaya ọdún. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú oníbàárà kan, mo ń wọn ẹsẹ̀ aṣọ. Mo gbóhùn sókè kí ìyá náà lè gbọ́ mi: “Umm Maryam! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ibí.”

Kò dáhùn. Mo rò pé ariwo ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kó gbọ́. “Umm Maryam!”

Àwọn oníbàárà yíjú sí wa. Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó rìn wá.

“Ta ni ò ń pè?”

“Ẹ̀yin ni, Umm Maryam.”

Ojú rẹ̀ le. Ó sọ̀rọ̀, kò pariwo, ó yá débi pé n kò lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Mo gbọ́ “ọmọ mi.” Mo gbọ́ “gbà á.” Èyí tó sọ gbẹ̀yìn yé mi kedere: “Yalla. Khalas, ó ti parí. Máa lọ.” Ó gba téèpù kúrò lọ́rùn mi níṣojú gbogbo wọn.

Mo bọ́ síta nínú oòrùn, mo dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Kí ni mo ṣe? Mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Deira, mo wá Mùtíátù lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníkágò, níbi tó ti ń di ẹrù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wí fún un?”

“Mo bọ̀wọ̀ fún un ni! Mùtíátù, mo fi Ọlọ́run búra, ọ̀wọ̀ ni mo bù fún un!”

Mo ṣàlàyé. Mùtíátù jókòó sórí báàlì bàtà, kò rẹ́rìn-ín rárá. Òun ló máa ń pọn Kàmórù nígbà tí mo bá wà nídìí ẹ̀rọ ní Mushin. Ó ní, “Bóyá tiwọn yàtọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Bó ti wù kó rí, ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá pa físà yín rẹ́, Sìdí ńkọ́?”

A wọ takisí padà lọ sí Sharjah ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí a ti ń bẹ àgbà nílé náà ni mo ṣe: bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù, mo fi eékún méjèèjì kanlẹ̀. Mùtíátù kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi. Umm Khalid fò sókè bí ẹni tó rí ejò. “Gumi! Gumi! Dìde! Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún!” N kò dìde. Níbo ni wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ lórí ìdúró?

Mùtíátù bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé. Umm Khalid nawọ́ dá a dúró. Maryam wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó ní kí òun túmọ̀. Ìyá rẹ̀ dá òun náà dúró, ó nàka sí mi.

“Òun ni. Pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Lárúbáwá.”

Mo ní ọ̀rọ̀ fún èjìká, fún apá àti fún òwú. Mo ní ọ̀rọ̀ fún oríṣiríṣi dúdú, torí pé dúdú tó wà nídìí abaya pọ̀: èyí tó ń pọ́n nínú oòrùn wà, èyí tó ń dán wà. N kò ní ọ̀rọ̀ fún èyí. Ọwọ́ mi ti ń gbéra, mo yára kó o sẹ́yìn. Bí mo ṣe wí nìyí, bó ṣe rí lẹ́nu mi náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín:

“Èmi. Ọmọ àkọ́kọ́. Kàmórù. Ó kú. Kékeré. Ìlú wa, ọmọ kú, orúkọ dákẹ́. Èèyàn kò pe ìyá orúkọ yẹn. Ìyá gbọ́, ìyá sunkún. Èmi kò fẹ́ Umm Khalid sunkún. Nítorí náà, Umm Maryam. Khalas.”

Mo gbọ́ tí Mùtíátù bú sẹ́kún lẹ́yìn mi. Ó gbọ́ Kàmórù, kò nílò èyí tó kù. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn sí mi pé mo ti dá orúkọ náà.

Umm Khalid jókòó sórí ìdì aṣọ. Ó rọra sọ̀rọ̀ kó lè yé mi. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Khalid lọ, orúkọ yẹn nìkan ló kù fún òun. Ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó, yàrá rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ẹnìkan á pe òun ní Umm Khalid, òun á sì dáhùn. Ó ní, “Àná, o pè mí bíi pé n kò bí i rí.”

Ó wò mí. “Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ti fi ọmọ rẹ pè ọ́ gbẹ̀yìn?”

Mo ní, “Ọjọ́ tó kú.”

“Bàbá rẹ̀?”

“Rárá.”

“Ìyá rẹ?”

“Rárá.”

Ó pe orúkọ náà lẹ́nu ara rẹ̀, ó tún un pè, títí ó fi bọ́ sí bí àwọn ṣe ń pè é. Qamar. Òṣùpá. Ó bọ́ sọ́dọ̀ mi, ó fà mí lápá, obìnrin tó lágbára ni.

“Umm Qamar, dìde nílẹ̀. Èjìká àwọn èèyàn ń dúró dè ọ́.”

Mo sunkún, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí. N kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ, nítorí pé àwọn àgbà ní kí n má sunkún, pé ọ̀nà ọ̀run ò dí, màá bí òmíràn. Nínú ṣọ́ọ̀bù abaya ní Sharjah ni mo ti sun ún, láàárín àwọn tí n kò bá tan. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́. Nígbà tí mo ṣe tán, Umm Khalid da téèpù padà sí mi lọ́rùn, ó ní ẹsẹ̀ aṣọ tí mo fi sílẹ̀ lánàá wọ́, kí n lọ tú u.

Láti ìgbà náà, Umm Qamar ni gbogbo oníbàárà ń pè mí. Àwọn ọkùnrin tó ń rán aṣọ lẹ́yìn náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Èdè náà sì wá já geere lẹ́nu mi, mo lè bá obìnrin ṣàwàdà, mo lè bá a dúnàádúrà, mo lè sọ fún un láìtàbùkù rẹ̀ pé ìdí rẹ̀ ti fẹ̀ sí i láti ọdún tó kọjá. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ oníná tó ń pariwo lọ, èyí tí kì í pariwo dé. Ẹ̀rọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ọnà sára aṣọ dé, ohun tí à ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ fọwọ́ ṣe di ohun tí èèyàn ń tẹ bọ́tìnnì sí, táá sì lọ mu tíì. Mo kọ́ ọ, mo bú u, mo tún lò ó. Kò sí ẹ̀rọ tí n kò lè lò, yálà ọlọ́wọ́ tàbí oníkọ̀ǹpútà. Ojú mi ló ní ó tó. Sìdí ti di nọ́ọ̀sì nígbà náà, ó ti ríṣẹ́ síbí, ó gba físà fún mi, ó ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ Lárúbáwá, ẹ kọ́ ọ. Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ ti dàgbà. Ẹ lọ gbé láàárín àwọn tó ń sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ yín díẹ̀, ẹ ti fóònù yẹn sábẹ́ ìrọ̀rí. Fóònù á sọ fún yín pé umm ni ìyá. Ìwọ̀nba tó mọ̀ nìyẹn.

Mo ti fẹ́ dákẹ́, àmọ́ ọ̀kan kù. Ọdún tó kọjá yìí, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ọdún, mo wà ní kíṣíìnì, mo ń din dòdò. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, Sìdí lọ ṣí i. Nígbà tó padà wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Màámi, ìyá Lárúbáwá kan ni o, wọ́n gbé páànù dàbínù dání. Wọ́n ní àwọn ń wá Umm Qamar. Mo ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí, kí wọ́n wo ilé kejì.”

Mo pa iná. Sìdí mọ̀ pé ẹnìkan wá ṣáájú òun tí kò dúró. Ìyẹn nìkan ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ orúkọ fún un rí, kò sì béèrè rí. Mo ti fi èdè àwọn ẹlòmíràn sọ ọ́ fún gbogbo obìnrin Sharjah. N kò tíì fi Yorùbá sọ ọ́ fún ọmọ mi.

“Sìdí, sáré pè wọ́n padà. Èmi ni.”

“Ẹ̀yin ni kí ni, Màámi? Ta ni Qamar?”

Mo ní, “Kàmórù ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.”

 Ó sáré jáde láìwọ bàtà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó ń pe Umm Khalid pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa bọ̀, wọ́n wà níbí, wọ́n wà nílé. A jẹ dàbínù, a jẹ dòdò. Umm Khalid ní dòdò mi ti jóná, òótọ́ sì ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Sìdí wọ yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ rẹ̀, ó wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi bó ṣe máa ń wá. Ó kúnlẹ̀.

“Ìyá Kàmórù, ẹ káàárọ̀ o.”

Mo ní, “Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o sùn dáadáa?”